Taya Fífẹ̀ Lójú Ọ̀nà Olókùúta

Ẹ kú ìjókòó, ẹ̀yin òǹkàwé mi. Ọpẹ́ ni fún Ẹni tó pa wá mọ́ títí di òní, tó fún wa ní ẹsẹ̀ láti rìn àti ọgbọ́n láti gun ohun tó yá ju ẹsẹ̀ lọ. Ẹ yá mi létí díẹ̀.

Ọmọbìnrin kan wà tí wọ́n ń pè ní Abẹ́rẹ́, torí ó tín-ín-rín, kò sì sí àárín èrò tí kò lè fi kẹ̀kẹ́ gbà kọjá. Bàbá rẹ̀ ló ń tún kẹ̀kẹ́ ṣe ní ṣọ́ọ̀bù ìsàlẹ̀ ilé wọn. Àyè kan ṣoṣo ló kù nínú ẹgbẹ́ eléré kẹ̀kẹ́ tí yóò lọ díje lókèèrè, ẹni tó bá sì gba ipò kìíní nínú ìdíje ọjọ́ Sátidé ni yóò gbà á. Nínú ìdíje yìí kan náà lọ́dún tó kọjá, ọwọ́ Abẹ́rẹ́ kú tipiri lójú ọ̀nà olókùúta, kò lè tẹ bíréèkì mọ́, ó ṣe ipò keje. Kóòṣì ẹgbẹ́ náà ti sọ fún un pé eléyìí ni àǹfààní ìkẹyìn rẹ̀.

Lọ́sàn-án ọjọ́ Ẹtì, ó bá taya tuntun lára kẹ̀kẹ́ rẹ̀.

“Bàbá, taya tó fẹ̀ tó mílímítà méjìdínlọ́gbọ̀n kẹ̀? Mẹ́tàlélógún ni mo ti ń gùn látilẹ̀. Ẹ̀yin lẹ kọ́ mi pé kí taya tín-ín-rín, kó le bí òkúta.”

“Èmi ni. Mi ò mọ̀ pé irọ́ ni mo fi ń kọ́ ọmọ. Kí Ọlọ́run má kà á sí mi lọ́rùn.”

“Bíbélì ṣáà ní ọ̀nà tóóró ló lọ sí ìyè.”

“Ọ̀nà ló ní ó tóóró. Kò dárúkọ taya.”

Bàbá mú un lọ sí gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ olókùúta ẹ̀yìn ṣọ́ọ̀bù, ó ní kó jókòó sórí kẹ̀kẹ́, kó má wà á rárá. Taya tóóró àtijọ́ ni bàbá kọ́kọ́ dá padà sí i; ó gbé e sọ̀kalẹ̀, ó dúró. Taya fífẹ̀ fi ìgbésẹ̀ mọ́kànlá kọjá ibi tí ti àkọ́kọ́ dúró sí.

“Èyí tó le ń fò lórí gbogbo òkúta,” bàbá ní. “Agbára tó fi ń fò sókè, iwájú ló yẹ kó fi lọ. Èyí tó fẹ̀, tó rọ̀ díẹ̀, ń gbé òkúta mì ni. Ọwọ́ rẹ náà á sinmi.” Ó fi àtàńpàkò tẹ taya náà. “Bó ṣe yẹ kó rí nìyí. Má fi afẹ́fẹ́ kún un.”

Ojú Abẹ́rẹ́ rí i, ọkàn rẹ̀ kò gbà. Ní àárọ̀ Sátidé, níbi tí wọ́n ti fẹ́ gbéra, olùdíje kan tó dàgbà ju àwọn yòókù lọ, tí gbogbo wọn ń pè ní Ẹ̀gbọ́n, wo kẹ̀kẹ́ rẹ̀ títí.

“Abẹ́rẹ́, ṣé o fẹ́ fi èyí kó ẹrù ni?”

Wọ́n rẹ́rìn-ín. Ìtìjú bo Abẹ́rẹ́. Bí bàbá ṣe lọ wá omi, ó mú pọ́ọ̀ǹpù, ó fi afẹ́fẹ́ kún taya náà títí ó fi le gbagidi. Ó rò pé òun ti pàdé bàbá òun lágbedeméjì: taya bàbá, afẹ́fẹ́ ọmọ.

Nígbà tí ìdíje bẹ̀rẹ̀ lórí ọ̀nà ọlọ́dà, gbogbo rẹ̀ dára. Àmọ́ nígbà tí wọ́n dé orí òkúta, kẹ̀kẹ́ bẹ̀rẹ̀ sí í fò sókè. Eyín Abẹ́rẹ́ ń gbá ara wọn. Ìka rẹ̀ ń jó o bíi pé èèrà ń rìn nínú rẹ̀. Ó mọ èèrà yẹn láti èṣí. Níwájú, lẹ́yìn òkúta, ìsọ̀kalẹ̀ gbọọrọ wà tó jẹ́ pé bíréèkì nìkan ló lè gbani níbẹ̀. Bó bá dúró, àwọn yòókù á fi í sílẹ̀ lọ. Bí kò bá dúró, ọwọ́ á kú.

“Olúwa, orí kunkun mi ni,” ó wí, ó sì bọ́ sílẹ̀.

Ó tẹ ẹnu taya iwájú kí afẹ́fẹ́ díẹ̀ jáde. Fíìì. Ẹni méjì kọjá. Ó fi àtàńpàkò wò ó, bí ó ti rí i tí bàbá ṣe. Ó tún tú ti ẹ̀yìn. Ẹni mẹ́fà mìíràn kọjá. Ó gun kẹ̀kẹ́ padà.

Àwọn òkúta dákẹ́ lábẹ́ rẹ̀. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í ṣa àwọn tó wà níwájú rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan bí ẹni ń ṣa ẹ̀wà, títí ó fi ku Ẹ̀gbọ́n nìkan. Ní ìsọ̀kalẹ̀, Ẹ̀gbọ́n ń gbọn ọwọ́ kan tó ti kú nínú afẹ́fẹ́ láti jí i, ẹ̀rù kò jẹ́ kó sáré. Ọwọ́ Abẹ́rẹ́ wà láàyè. Ó kọjá rẹ̀ níbẹ̀, Ẹ̀gbọ́n tún lé e bá lórí ọ̀nà ọlọ́dà, wọ́n jọ ń mí hẹlẹhẹlẹ dé òpin. Ìbú àtẹ́lẹwọ́ kan ni Abẹ́rẹ́ fi ṣáájú, àyè náà sì di tirẹ̀.

Bàbá dé. Kò kí i. Taya ló kọ́kọ́ tẹ̀.

“Afẹ́fẹ́ yìí kéré díẹ̀ sí èyí tí mo fi sí i.”

Abẹ́rẹ́ wolẹ̀. “Mo fi kún un, Bàbá. Mo wá tú u lójú ọ̀nà.”

“Kí lo fi wọ̀n ọ́n?”

“Àtàńpàkò yín ni mo rántí.”

Bàbá yíjú sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, ó fi aṣọ ìnuwọ́ olóròóró rẹ̀ nu ojú.

Ẹ̀yin tí ẹ ka ìtàn yìí, kí Olúwa mú ọ̀nà yín dán. Níbi tí òkúta bá sì wà, kí ó fún yín ní ohun tí yóò gbé e mì, kí ọwọ́ yín má ṣe kú lẹ́nu iṣẹ́ yín. Àmín.