Igi Omi Tí Lazhar Kọ Ìwé Lé Lórí

Nígbà náà, Àgbà Tijani tí ń pín omi fún gbogbo ọgbà dàbínù ìlú Tozeur ṣì wà láyé. Ìyá tó bí Khira ṣì wà. Lazhar, ọkọ Khira, náà wà, àfi ikọ́ tí kò jẹ́ kó gbádùn.

Tijani ló kọ́ Lazhar bí wọ́n ṣe ń fi ìtì ọ̀pẹ dínà omi, tí wọ́n á gbẹ́ ẹnu tí omi ń gbà kọjá sí i lára, ẹnu kan fún ọgbà kan. Nígbà tí Lazhar fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ olùkọ́, ó kó gbogbo rẹ̀ sínú kọ̀ǹpútà. Bí kànga kan bá gbẹ, ẹ̀rọ yóò ti sọ iye omi tí yóò dé ọgbà kọ̀ọ̀kan. Ọdún mọ́kànlá ló fi ṣe é. Ìwé ìjọba kan péré ló wá ń fẹ́ kí ikọ́ tó pa á, èyí tí yóò sọ pé òun ló kọ́kọ́ ṣe é.

Òun àti Khira wọ bọ́ọ̀sì lọ sí Tunis, olú ìlú. Ọmọbìnrin tó dá wọn lóhùn ní ọ́fíìsì ìjọba sọ pé òfin kì í fúnni ní irú ìwé bẹ́ẹ̀ lórí ìṣirò lásán.

“Ọmọ mi, ṣé omi kì í ṣe nǹkan ni?”

“Omi ni nǹkan, Bàbá. Iye tí ẹ rò pé yóò ṣàn ni kì í ṣe nǹkan.”

Lazhar délé, kò jẹun. Khira ló gbà á nímọ̀ràn pé kó so ìṣirò náà mọ́ ohun tó ṣeé dì mú: kí ẹ̀rọ máa sọ bí ẹnu tí wọn yóò gbẹ́ sára ìtì ọ̀pẹ yóò ṣe jìn tó. Lazhar tún gbogbo rẹ̀ kọ, ó ya àwòrán ìtì náà sí i, ó fi ránṣẹ́ sí Tunis. Àwọn ará àdúgbò ń fi í ṣẹ̀fẹ̀ pé ó fẹ́ gba ìtì igi lọ́wọ́ ìjọba.

Oṣù mẹ́jọ kọjá kí wọ́n tó pè é padà. Ọkùnrin kan ló wà níbẹ̀ lọ́tẹ̀ yìí.

“Bàbá, ẹ yọ igi kúrò, ìṣirò ló kù. Ẹ yọ ìṣirò kúrò, igi àwọn baba ńlá yín ló kù.”

“Ta ló wá so méjèèjì pọ̀?”

“Ìyẹn kọ́ ni òfin ń béèrè.”

Bọ́ọ̀sì dé Gafsa lọ́nà ilé. Lazhar ní, “Khira, ìwọ lo ní kí n fi igi sí i.” Khira kó ìwé náà sínú àpò. Ta ni yóò bá aláìsàn jà?

Ó tún bẹ̀rẹ̀ ẹlẹ́ẹ̀kẹta. Kò lè kọ̀wé mọ́, ó ń pe ọ̀rọ̀ náà, Khira ń kọ ọ́ sílẹ̀, inú ń bí àwọn méjèèjì. Ojú ìwé kẹrin ni wọ́n wà ní Ọjọ́bọ̀ ọ̀sẹ̀ ìkórè dàbínù, nígbà tí Lazhar ní kí Khira pa ìlà kan rẹ́, kò sì sọ èyí tí yóò fi rọ́pò rẹ̀ kó tó kú.