Ọwọ́ Jórinjórin Lábẹ́ Iná Pupa

Nínú gbogbo ọwọ́ tó wà láyé, kò sí èyí tí Nọ́ọ̀sì kórìíra bí ọwọ́ ọ̀tún jórinjórin yìí. Ẹ̀gbọ́n ọkọ rẹ̀ ni jórinjórin náà, tó ń fi iná jó irin pọ̀. Nígbà tí ọkọ rẹ̀ kú, ọwọ́ ọ̀tún yìí ló fi tì í jáde nílé lójú àwọn ọmọ rẹ̀. “Ta ló mọ oògùn nínú ilé yìí bí kò ṣe ìwọ? Ìwọ lo pa àbúrò mi,” ló wí, ó sì ju ẹrù obìnrin náà síta.

Wàyí o, irin gbígbóná jó jórinjórin lẹ́yìn ọwọ́, ojú iná náà sì di egbò àdáàjinná. Abẹ́rẹ́ kò ràn án, oògùn mímu kò ràn án. Àwọn kòkòrò inú egbò ti mọ oògùn lójú, kò pa wọ́n mọ́. Ó wá ku ìtọ́jú aró àti iná pupa. Yàrá kan ṣoṣo ni wọ́n ti ń ṣe é nílé ìwòsàn, Nọ́ọ̀sì ló sì ń ṣe é. Nígbà tí jórinjórin wọlé tó rí ẹni tó jókòó, díẹ̀ ló kù kó pẹ̀yìn dà.

“Ẹ káàbọ̀, Bọ̀ọ̀dá.” Ẹnu ló kí i, ojú kò kí i.

“Ìyàwó, kí lèyí?” Ó ń wo aró búlúù inú abọ́ kékeré.

Ó yẹ kó ṣàlàyé fún un bó ṣe ń ṣàlàyé fún gbogbo èèyàn: pé aró máa ń lẹ̀ mọ́ kòkòrò inú egbò, pé iná pupa ló ń jí i tí á fi pa wọ́n, pé ara kì í tìtorí ẹ̀ bàjẹ́. Ṣùgbọ́n inú ń bí i.

“Májèlé ni. Iná ló ń jí i.”

Ó rí i bí ọkùnrin náà ṣe yára fa ọwọ́ sẹ́yìn, ó sì dùn mọ́ ọn nínú.

Ó kun aró sójú egbò, ó fa kọ́tìnì, ó fi í sílẹ̀ nínú òkùnkùn kí aró lè wọlé dáadáa. Nígbà tó padà dé, jórinjórin ti ti ọwọ́ bọ inú àpótí iná fúnra rẹ̀. Ó yẹ kí Nọ́ọ̀sì yọ ọ́ wò kó tó tan iná, àmọ́ kò fẹ́ẹ́ rí ọwọ́ yẹn sójú. Ògiri ló ń wò títí iná fi parí. Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ń ṣe é ní gbogbo ìgbà tó bá wá.

Ẹsẹ̀ ìyá arúgbó kan tí wọ́n jọ bẹ̀rẹ̀ ìtọ́jú ti jinná. Ti jórinjórin ń rùn sí i.

Dókítà wá wò ó. “A máa gé e láti ọrùn ọwọ́, kó má baà mú apá.”

Jórinjórin tí kò lọ́wọ́ ọ̀tún, kí ló fẹ́ fi jó irin? Omi bọ́ lójú rẹ̀. Ó na ìka òsì sí Nọ́ọ̀sì. “Ó pa àbúrò mi, ó tún pa ọwọ́ mi.”

Abẹ́ èékánná ìka náà ti di búlúù. Nọ́ọ̀sì kò kun aró síbẹ̀ rí. Ó yé e lójú ẹsẹ̀: ọkùnrin yìí ti ń fọ aró dànù nídìí ẹ̀rọ omi inú yàrá nígbà tóun bá jáde. Iná ló gbọ́kàn lé, torí iná ni iṣẹ́ rẹ̀. Aró obìnrin yìí ni kò fẹ́ lára. Bẹ́ẹ̀ iná láìsí aró kò lè pa kòkòrò kankan.

Bó bá panu mọ́, wọ́n á gé ọwọ́ náà, kò sẹ́ni tó máa mọ̀. Ó rò ó wò, ó sì gbádùn rẹ̀.

“Dókítà, kò tíì gba ìtọ́jú kankan,” ló wí níkẹyìn. “Ó ń fọ̀ ọ́ dànù ni. Èmi náà ò sì yẹ̀ ẹ́ wò.”

Dókítà bá àwọn méjèèjì wí, kò fi epo bọ iyọ̀. Ó ní kí wọ́n lọ ṣe é bó ṣe yẹ. Bí kò bá yí padà, òun á gé e. “Bí a bá ń jà, bíi ká kú kọ́,” ló fi kún un. Ẹni tó pa òwe yẹn kò tíì ní irú ẹ̀gbọ́n ọkọ báyìí.

Lọ́tẹ̀ yìí, Nọ́ọ̀sì kò jáde. Ó jókòó tì í nínú òkùnkùn, ó di ọrùn ọwọ́ rẹ̀ mú gírígírí, aró ń kán sí aṣọ àwọn méjèèjì.

“Kí ló dé tó o fi sọ fún un?” jórinjórin bi í. “Ṣebí o kórìíra mi.”

“Mo kórìíra yín gan-an ni, Bọ̀ọ̀dá. Tí wọ́n bá gé ọwọ́ yìí, gbogbo ẹbí á máa káàánú yín, wọ́n á gbàgbé ohun tí ẹ fi ṣe. N ò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni káàánú yín.”