Ẹni Tó Ń Kan Ògiri

Gbogbo ará mọ́ṣáláṣí wa ló mọ̀ pé èmi àti Ṣàkírù ń yan odì. Òun ló fà á. Nígbà tí kíndìnrín mi kọṣẹ́ sílẹ̀, tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í fi ẹ̀rọ fọ ẹ̀jẹ̀ mi, òun nìkan ni mo sọ fún, torí abẹ́ ilé kan náà là ń gbé ní Brampton, ní Kánádà: yàrá tèmi, yàrá tirẹ̀, ògiri pákó fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ láàárín wa. Mo ní kó má sọ fún ẹnikẹ́ni. Ní Jímọ̀ tó tẹ̀ lé e, lèmọ́mù dárúkọ mi lójú ọ̀pọ̀ èèyàn, ó ní kí wọ́n ṣàdúà fún Salahudeen. Àwọn tí n kò mọ̀ rí wá ń wò mí bí ẹni tí wọ́n ti gé aṣọ funfun sílẹ̀ dè.

Ẹni tó bá ṣẹ̀ mí, mo máa ń rántí aṣọ tó wọ̀ lọ́jọ́ náà. Jákẹ́ẹ̀tì pupa ni Ṣàkírù wọ̀. Láti ọjọ́ yẹn, bó bá kí mi, n kì í dáhùn.

Nígbà tó yá, ó bẹ̀rẹ̀ sí í kan ògiri. Bí mo bá ti sùn, gbà-gbà-gbà! Màá ta jí, àyà mi á máa lù, ẹnu mi á gbẹ. Màá tún sùn, á tún kàn án. Tílẹ̀ bá mọ́, orí á máa fọ́ mi, oorun á sì gbé mi lọ nínú bọ́ọ̀sì títí màá fi kọjá ibi tí mò ń lọ. Mo ní, ìkà lọmọ yìí. Ó mọ̀ pé ara mi ò dá, ó fẹ́ fi àìsùn parí mi.

Mo gòkè lọ bá Àǹtí Lateefat, onílé wa.

"Ẹ jẹ́ kó kúrò, àbí kí n kúrò."

"Ṣé ẹ ti bi í pé kí ló dé tó fi ń kàn án?"

"Èmi àti ẹ̀ kì í sọ̀rọ̀."

"Ẹ̀yin ọkùnrin méjì yìí, ẹ wá ń ṣe bí orogún!"

Ó rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n nígbà tóṣù parí, Ṣàkírù kẹ́rù rẹ̀ lọ sí North York. Kó tó jáde, ó dúró lẹ́nu ọ̀nà yàrá mi, ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, ọ̀rọ̀ kan wà tí mo fẹ́ sọ fún yín." Mo yí rédíò sókè.

Ilé wá dákẹ́. Mò ń sùn bó ṣe wù mí, síbẹ̀ ó ń rẹ̀ mí ju ti tẹ́lẹ̀ lọ.

Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, mo sùn lọ lórí àga tí wọ́n ti ń fọ ẹ̀jẹ̀ mi. Ọwọ́ ló jí mi. Nọ́ọ̀sì Adépéjú, ọmọ Ìjẹ̀bú, ló ń gbọn èjìká mi.

"Dádì, ẹ mí! Ẹ mí!"

"Kí ló dé? Mò ń sùn ni."

"Oorun wo nìyẹn? Ẹ̀ ń hanrun, ẹ kàn dákẹ́ lójijì, ẹ ò mí mọ́. Léraléra ni, mò ń wò yín." Ó fa àga sún mọ́ mi. "Ó wọ́pọ̀ lára àwọn tí kíndìnrín wọn ò ṣiṣẹ́ mọ́. Ọ̀nà ọ̀fun á dí lójú oorun. Ọkàn yín ló ń jìyà ẹ̀, Dádì, ó sì lè dáṣẹ́ dúró lọ́jọ́ kan. Ta ló ń sùn nítòsí yín? Ṣé kò sẹ́ni tó gbọ́ ọ rí ni?"

Mo tún gbọ́ gbà-gbà-gbà yẹn nínú orí mi.

"Ẹnì kan wà," mo ní. "Mo ti lé e."

Ó ní dókítà á fi orúkọ mi sílẹ̀ fún àyẹ̀wò oorun àti ẹ̀rọ tó ń fẹ́ atẹ́gùn síni nímú, ṣùgbọ́n èrò pọ̀ níwájú mi. "Kó tó dìgbà náà, ẹ má dá sùn."

Mo délé, mo jókòó ti fóònù pẹ́ kí n tó pè é.

"Ẹ̀gbọ́n? Ṣé ẹ ò ṣèèṣì pè mí?"

"Kí ló dé tí o fi ń kan ògiri?"

Ó ní, "Ẹ máa ń dákẹ́ bí òkú. Màá tẹ́tí, bí n kò bá gbọ́ nǹkan kan, màá kàn án. Ẹ ó wá fa èémí bí ẹni tí wọ́n yọ nínú odò. Ṣé ẹ rò pé èmi ń rí oorun sùn ni?"

"Kí ló dé tí o ò sọ?"

"Ẹ yí rédíò sókè!"

"N kò bẹ̀ ọ́ o," mo ní. "Ọ̀rọ̀ mọ́ṣáláṣí yẹn, n kò tíì gbàgbé."

"Ká ní kíndìnrín yín le tó orí yín ni, ẹ ò bá má mọ ọ̀nà ọsibítù."

"Ṣé wàá padà wá?"

"Sílé tí ẹ ti lé mi?" Ó mí kanlẹ̀. "Ẹ gbé fóònù sẹ́gbẹ̀ẹ́ ìrọ̀rí. Ẹ má pa á. Èmi náà ò ní pa tèmi."

Bí a ṣe ń ṣe é nìyẹn títí dòní, torí ẹ̀rọ náà kò tíì kàn mí. Lọ́jọ́ tó bá níṣẹ́ òru, n kì í dùbúlẹ̀. Orí àga ni mo ń jókòó sí, tí mò ń bá ojú ara mi jà, nítorí ẹ̀rù ń bà mí.

Ó ṣì ń wá kírun Jímọ̀ ní Brampton. A máa ń kọjá lára wa níbi tí a ti ń bọ́ bàtà, n kì í kí i. Ṣùgbọ́n tílẹ̀ bá ṣú, tí ọ̀fun mi dí, ohùn rẹ̀ á já jáde nínú fóònù: "Salahudeen! Mí!" Kì í fi ẹ̀gbọ́n kún un. Ìyẹn náà, mo ti fi kún ẹ̀ṣẹ̀ rẹ̀ lọ́kàn mi.

N kì í dáhùn. Màá kàn mí, òun náà á sì dákẹ́.