Ọkọ̀ Méjìlá Lójú Títì Òmù

Ọgbọ́n tuntun ni Míísì Morẹ́nikẹ́ gbé sórí wọ Òmù láti Ìdó, lọ́dún kẹta tí ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ bẹ̀rẹ̀. Àwọn tíṣà ìṣáájú a máa kọ "ọkọ̀" sójú pátákó, wọn a ní kí ọmọ máa ké e tẹ̀lé wọn títí ọ̀fun á fi gbẹ. Morẹ́nikẹ́ ní rárá o, ohun tí ọmọdé bá fọwọ́ ara rẹ̀ ṣe ni kì í gbàgbé. Ó kó pòròpórò, agolo sadíìnì àti ìdérí ìgò síwájú àwọn ọmọ kíláàsì kínní, kíláàsì bá di gáréèjì. Ẹni ń ṣe kẹ̀kẹ́, ẹni ń ṣe lọ́rì, gbogbo wọn ń fẹnu fọn fèrè ọkọ̀.

Dúródọlá ló mọ̀ ọ́n ṣe jù. Ọmọ ọdún mẹ́fà péré, ṣùgbọ́n lọ́rì tirẹ̀ ní ilẹ̀kùn, ó sì fi amọ̀ mọ dírẹ́bà síwájú.

"Ta nìyí?" Morẹ́nikẹ́ bi í.

"Bàbá mi ni, mà. Èkó ni wọ́n wà. Wọ́n máa tó dé."

Ariwo kíláàsì dá lójijì. Ọmọ mẹ́rìndínlógójì, kò sẹ́ni tó fọhùn. Morẹ́nikẹ́ rò pé ẹ̀kọ́ òun ló wọ̀ wọ́n lára. Áà, àlejò lójú, ṣùgbọ́n kò fi ríran!

Nírọ̀lẹ́, ó fẹ̀rín ròyìn rẹ̀ fún Ìyá Láyí, onílé rẹ̀, tó ń bẹ ẹ̀gẹ́ lẹ́yìnkùlé. Ìyá arúgbó náà gbé ọ̀bẹ sílẹ̀.

"Ọlátúbọ̀sún, bàbá Dúródọlá, ti kú, ọmọ mi. Lọ́rì rẹ̀ já sí kòtò lọ́nà Ìbàdàn lẹ́ẹ̀rùn tó kọjá. Inú ulé rẹ̀ níbí la sin ín sí. Àbíkú ni Dúródọlá, mẹ́fà ló ti lọ ṣáájú rẹ̀. Àwọn àgbà ní bó bá gbọ́ ikú bàbá rẹ̀ kó tó pé ọdún méje, á bá a lọ ni. A gbé ọmọ náà lọ sí ìlú Ààyè títí a fi sìnkú tán. Tèwe-tàgbà la jọ panu mọ́. Ó ku oṣù méjì tí yóò pé ọdún méje."

Ó ní Àṣàkẹ́, ìyá ọmọ náà, kì í jẹ́ kó rí aṣọ ọ̀fọ̀ lára òun. Bí ọmọ bá ti ń ti ilé ìwé bọ̀, á sáré da àǹkárá bò ó.

Morẹ́nikẹ́ ti ṣèlérí fún àwọn ọmọ pé lọ́jọ́ Jímọ̀ wọn á lọ ka ọkọ̀ létí títì. Ó ti kọ́ wọn ní ohun tí wọn á máa sọ fún dírẹ́bà: "Ẹ kú ewu ọ̀nà, sà. Níbo lẹ ti ń bọ̀?" Ó yẹ kó fagi lé e. Ṣùgbọ́n ká má purọ́, iṣẹ́ ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ń dùn ún, ìyìn hẹ́ẹ̀dì ilé ìwé sì ń dùn mọ́ ọn. Ó ní òun á kúkú di ọmọ náà lọ́wọ́ mú.

Nígbà tó di ọjọ́ Jímọ̀, ó dì í mú lóòótọ́. Lọ́rì kòkó kọjá, kẹ̀kẹ́ fádà kọjá, àwọn ọmọ ń fa ilà sórí síléètì. Ọkọ̀ kejìlá ni lọ́rì kan tó ń rú èéfín, ó dúró kí dírẹ́bà rẹ̀ lè bomi sí i. Àfi gbàgà, Dàda, ọ̀kan nínú àwọn ọmọ náà, ṣubú sí gọ́tà, ó figbe ta. Morẹ́nikẹ́ jọ̀wọ́ ọwọ́ Dúródọlá, ó sáré lọ fà á. Kò tó ìṣẹ́jú kan, ẹ gbọ́! Nígbà tó gbójú sókè, ọmọ ti dúró níwájú dírẹ́bà, ó káwọ́ sẹ́yìn bí wọ́n ṣe kọ́ ọ.

"Ẹ kú ewu ọ̀nà, sà. Níbo lẹ ti ń bọ̀?"

"Èkó ni, ọmọ dáadáa."

"Ṣé ẹ rí bàbá mi níbẹ̀? Ọlátúbọ̀sún ará Òmù. Àwọn náà ń wa lọ́rì."

Àlejò ni ọkùnrin yẹn náà. "Ọlátúbọ̀sún kẹ̀? Èyí tó kú lọ́nà Ìbàdàn? Ṣebí èmi wà níbẹ̀ tí wọ́n fà á jáde." Ìgbà yẹn ló tó wo ojú ọmọ náà dáadáa, agolo omi bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀.

Morẹ́nikẹ́ sáré dé, ẹ̀pa ò bóró mọ́. Ó kúnlẹ̀ sínú eruku, ó gbá a mọ́ra. Dúródọlá ò sunkún. Ọwọ́ rẹ̀ tutù nini. Ó sọ̀rọ̀ sí i létí.

"Míísì, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má sọ fún màmá mi pé mo ti gbọ́. Wọn á sunkún."

Nígbà tí ilé ìwé jáde, Àṣàkẹ́ ti dúró lẹ́nu ọ̀nà. Ó ti da àǹkárá bora, etí aṣọ dúdú yọ díẹ̀ nísàlẹ̀.

"Ẹ kú iṣẹ́ o, Míísì. Dúró mi, ọkọ̀ mélòó lẹ kà?"

"Méjìlá ni, màmá." Ọmọ náà rí aṣọ dúdú yẹn. Ó gbójú kúrò níbẹ̀, ó rẹ́rìn-ín sí ìyá rẹ̀. "Kò sí èyí tó ti Èkó wá nínú wọn. Bóyá lọ́la."

"Bóyá lọ́la, ọmọ mi," ni Àṣàkẹ́ wí, ó fà á lọ́wọ́, wọ́n kọrí sílé.

Gbogbo Òmù ti pé sídìí irọ́ náà wàyí, kò ku ẹnì kan. Morẹ́nikẹ́ padà sáàárín àwọn lọ́rì pòròpórò, ó jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀, ó sunkún títí ojú rẹ̀ fi wú.