Àyè Orúkọ Kan Ṣoṣo

"O ò ní parọ́ kankan," Ọ̀gbẹ́ni Gbádégẹṣin wí. "Ohun tí ẹ̀rọ bá sọ ni kí o kà fún wọn. Àbí ẹ̀rọ máa ń parọ́ ni?"

Agatha dúró níwájú tábìlì rẹ̀. Kò jókòó, nítorí kò sẹ́ni tó ní kó jókòó. Gbádégẹṣin ni ọ̀gá tó ń rí sí ọ̀rọ̀ òṣìṣẹ́ ní ilé iṣẹ́ aṣọ wọn ní Kakuri. Ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́ ni, ṣùgbọ́n ó ti pẹ́ ní Kàdúná débi pé èdè Hausa ló fi ń bínú. Kì í pariwo mọ́ ènìyàn. Ohùn jẹ́jẹ́ ló fi ń léni lẹ́nu iṣẹ́.

"Ẹ̀rọ kì í parọ́, sà."

"Ó dáa. Nọ́ḿbà 2316, ta ló ni ín?"

"Olúdayọ̀ Ọlánípẹ̀kun."

"Ṣé Olúdayọ̀ ti kú?"

"Kò kú, sà."

"Ó wà láàyè, mo sì ti ránṣẹ́ pè é láti Kàbà. Lọ́la, tí òṣìṣẹ́ ìjọba tó ń wádìí ọ̀rọ̀ yìí bá béèrè ẹni tó kú lọ́wọ́ wa, a ó ní kò sẹ́ni tó kú. Olúdayọ̀ á dìde, wọ́n á fojú rí i. Ìwọ náà á ka tìẹ. Ọ̀rọ̀ bùṣe." Ó rẹ́rìn-ín músẹ́. "Tó bá di ọjọ́ Ajé, o ti di ọ̀gá pátápátá fún ẹ̀ka kọ̀mpútà. Ilé ń bẹ ní Ungwan Rimi, mọ́tò ń bẹ. Obìnrin wo ló ti rí irú ẹ̀ rí ní ìlú yìí?"

Agatha ní òun dúpẹ́. Ó sì jáde.

Ohun tó ṣẹlẹ̀ kò lọ́jú pọ̀. Láti ìgbà tí owó òkèèrè ti wọ́n, tí òwú àti ẹ̀rọ kò wọlé bíi tàtijọ́ mọ́, kò sí ilé iṣẹ́ aṣọ kan ní Kàdúná tó ń gba ènìyàn tuntun. Ẹni tó níṣẹ́ lọ́wọ́ tí nǹkan bá sì pè é lọ sílé, àbúrò rẹ̀ ni á fi sípò ara rẹ̀. Àbúrò á wọ aṣọ iṣẹ́ ẹ̀gbọ́n, á mú nọ́ḿbà ẹ̀gbọ́n, á máa jẹ́ orúkọ ẹ̀gbọ́n. Fóománù mọ̀, akọ̀wé mọ̀, Gbádégẹṣin alára mọ̀, àmọ́ ẹni tó sùn là ń jí, a kì í jí apirọrọ. Bí Ọlọ́runtọ́ba ṣe rọ́pò Olúdayọ̀ ẹ̀gbọ́n rẹ̀ nìyẹn, nígbà tí àrùn rọpárọsẹ̀ dá bàbá wọn dúbúlẹ̀ ní Kàbà. Ó ti ṣe é fún ọdún méjì ó lé kí páìpù ìkòkò aró gbígbóná tó bẹ́, tó sì dà lé e lórí. Ìyàwó kan àti ọmọ ọwọ́ kan ló fi sílẹ̀. Ilé iṣẹ́ ní àwọn kò mọ ẹni tó ń jẹ́ Ọlọ́runtọ́ba, nítorí náà àwọn kò jẹ opó rẹ̀ ní nǹkan kan. Ẹ̀rí wọn ni kọ̀mpútà, Agatha ló sì ṣètò ohun tí kọ̀mpútà náà mọ̀.

Agatha kò ti òkè bẹ̀rẹ̀. Ọmọbìnrin tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde ilé ẹ̀kọ́ girama ni nígbà tí wọ́n fi í sí yàrá káàdì, níbi tí àwọn ọmọbìnrin ti ń jókòó ní ìlà, tí wọ́n ń fi ẹ̀rọ lu ihò sára káàdì láti àárọ̀ títí ilẹ̀ á fi ṣú. Ihò yẹn ni kọ̀mpútà ń kà. Àwọn yòókù ń lu tiwọn wọ́n ń ṣòfófó. Agatha ń béèrè ohun tí ihò kọ̀ọ̀kan ń sọ. Ìbéèrè yẹn ló gbé e kúrò níbẹ̀. Ó di ẹni tó ń tọ́jú ẹ̀rọ ńlá fúnra rẹ̀ nínú yàrá tútù, ó di ẹni tó ń kọ àṣẹ tí ẹ̀rọ ń tẹ̀ lé, nígbà tó yá, ó di ẹni tó ń ya àwòrán bí gbogbo rẹ̀ yóò ṣe so kọ́ra kí ẹnikẹ́ni tó kọ ìlà kan. Akínladé, ọ̀gá rẹ̀ tó ti padà sí Ìbàdàn, ló kọ́ ọ. "Yà á ná," ni ọkùnrin náà máa ń wí. "Yà á kí o tó kọ ọ́. Ohun tí o kò bá yà síbẹ̀, lójú ẹ̀rọ, kò sí láyé."

Ètò owó oṣù tuntun ló sọ ọ́ di ẹni tí gbogbo ọ̀gá mọ̀. Nígbà tó ń yà á lọ́wọ́, ó lọ káàkiri láti wo bí iṣẹ́ ṣe ń lọ, Yísà, fóománù ilé aró, sì sọ fún un pé nọ́ḿbà kan lè ní ènìyàn méjì. Agatha ya àpótí kékeré kan sí ẹ̀gbẹ́ àwòrán náà, ó kọ "adelé" sínú rẹ̀. Nígbà tó tún un wò, ó rí i pé àpótí náà ba iṣẹ́ jẹ́. Ìlà tó yẹ kó lọ tààrà ń yà bàrà nítorí rẹ̀. Ó mú írésà, ó pa á rẹ́. Nọ́ḿbà kan, ènìyàn kan. Àwọn ọ̀gá pàtẹ́wọ́ fún un, òun náà sì gbádùn àtẹ́wọ́ náà. Ta ni kò ní gbádùn rẹ̀?

Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ yẹn, Ilé opó náà ní Ungwan Romi ló gbà lọ kí ó tó relé. Matilda, opó Ọlọ́runtọ́ba, jókòó lórí ẹní, ọmọ ń mu ọmú. Olúdayọ̀ ti dé láti Kàbà. Eruku ọ̀nà ṣì wà lára bàtà rẹ̀.

"Ẹ kú ìrọ́jú," Agatha wí.

"Àǹtí Agatha." Matilda kò gbójú sókè. "Wọ́n ní ọkọ mi kì í ṣe òṣìṣẹ́ àwọn. Aṣọ ta ni wọ́n wá fi àlùmọ́gàjí gé kúrò lára ẹ̀ ní ọsibítù? Orúkọ wọn ló wà láyà ẹ̀."

Agatha jókòó tì í, ó gba ọmọ náà lọ́wọ́ rẹ̀.

Olúdayọ̀ ló sọ̀rọ̀. "Wọ́n ní tí mo bá dìde lọ́la kí wọ́n rí mi, àwọn á dá iṣẹ́ mi padà fún mi. Màdáámù, ọmọ márùn-ún ni mo bí. Bàbá wa ṣì wà lórí ẹní." Ó fi ọwọ́ bojú. "Wọ́n fẹ́ kí n wá fi ara mi hàn pé mo wà láàyè, kó lè dà bí ẹni pé àbúrò mi ò wáyé rí."

Ó sunkún bí ọkùnrin ṣe ń sunkún níwájú ìyàwó àbúrò rẹ̀, láìjẹ́ kí ohùn jáde. Agatha dá ọmọ padà fún ìyá rẹ̀, ó dìde.

Ìta ló ti bá Yísà pàdé. Ó ti ń dúró dè é lábẹ́ igi dógóyárò.

"Màdáámù, don Allah, ẹ fetí sí mi. Tẹ́ ẹ bá sọ lọ́la pé adelé ni Tọ́ba, wọ́n á béèrè àwọn tó kù. Wallahi, ìdajì àwọn tó wà lábẹ́ mi, orúkọ ẹlòmíì ni wọ́n ń jẹ́. Wọ́n á lé gbogbo wọn. Ẹni tó ti kú ti kú. Àwọn tó wà láàyè ńkọ́?"

"Matilda ńkọ́, Yísà? Ṣé òun ò sí láàyè ni?"

"Haba, màdáámù." Ó wo ẹsẹ̀ ara rẹ̀. "Èmi ni mo gbé e sínú mọ́tò lọ́jọ́ yẹn. Awọ ara ẹ̀ ń bá ọwọ́ mi wá. Ẹ má rò pé kò dùn mí."

Nílé wọn ní Doka, Bíọ́dún, ọkọ Agatha, ti gbọ́ nípa ipò tuntun náà lẹ́nu ará àdúgbò. Tíṣà ni, ó sì ti pẹ́ tí ìjọba ti rántí owó oṣù àwọn tíṣà gbẹ̀yìn. Ó gbé oúnjẹ fún ìyàwó rẹ̀ lálẹ́ ọjọ́ náà, ohun tí kì í sábà ṣe. Agatha sọ gbogbo rẹ̀ fún un.

"Ìyá Fẹ́mi," ó wí nígbà tó parí, "bí iná bá jó ni, tó jó ọmọ ẹni, tara ẹni là á kọ́kọ́ gbọ̀n. Ṣé ìwọ lo pa á?"

"Páìpù ló pa á. Èmi ni mo pa á rẹ́."

Bíọ́dún wò ó títí. Ó kó abọ́ kúrò nílẹ̀, ó sì lọ sùn.

Lọ́jọ́ kejì, yàrá ìpàdé kún. Òṣìṣẹ́ ìjọba náà jẹ́ Hausa tó ti ń sún mọ́ ọgọ́ta ọdún, ó rọra ń béèrè ọ̀rọ̀ bí ẹni tó ti rẹ̀. Matilda jókòó sí ìkangun. Yísà fẹ̀yìn ti ògiri nítòsí ilẹ̀kùn. Agatha ka ohun tí ẹ̀rọ sọ: nọ́ḿbà 2316, Olúdayọ̀ Ọlánípẹ̀kun, ilé aró, ó ṣì wà lẹ́nu iṣẹ́. Gbádégẹṣin mi orí sí Olúdayọ̀. Olúdayọ̀ dìde dúró, ó ń wo ilẹ̀.

"To," òṣìṣẹ́ ìjọba wí, ó dé bírò rẹ̀. "Shi ke nan. Ó parí."

"Ó ku díẹ̀, sà," Agatha wí.

Gbádégẹṣin yíjú sí i kíá.

"Ohun tí ẹ̀rọ mọ̀ nìyẹn. Ẹ̀rọ kò mọ ènìyàn, sà, nọ́ḿbà ló mọ̀. Èmi ni mo ní kí ó má mọ̀ ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ẹni tó kú ń jẹ́ Ọlọ́runtọ́ba. Ṣọ́ọ̀ṣì kan náà la jọ ń lọ. Mo máa ń rí i nínú ọgbà wa níbí láràárọ̀, ó máa ń kí mi. Ilé aró yìí ló ti ṣiṣẹ́, ibẹ̀ náà ló sì ti jóná."

Olúdayọ̀ ṣì wà lórí ìdúró. Ó wo Gbádégẹṣin, ó wo Matilda.

"Àbúrò mi ni," ó wí. "Èmi ni mo fi í sí ipò mi. Èmi ló yẹ kó wà níbẹ̀."

Òṣìṣẹ́ ìjọba tún ṣí bírò rẹ̀. Ó kọ̀wé fún ìgbà díẹ̀, lẹ́yìn náà ó bi Agatha pé, "Irú àwọn bẹ́ẹ̀ mélòó ló tún wà níbí?"

Yísà di ojú.

"Mi ò mọ̀, sà," Agatha dáhùn. "Ẹ̀rọ náà kò sì lè sọ. Kò sí àyè fún un nínú rẹ̀."

Òótọ́ nìyẹn pẹ̀lú. Ihò tí Ọlọ́runtọ́ba jìn sí, inú rẹ̀ náà ni àwọn tó wà láàyè sá pamọ́ sí.

Lẹ́yìn tí gbogbo ènìyàn ti lọ, Gbádégẹṣin pè é. Kò bínú, ó kàn rọra ti bébà funfun kan àti pẹ́ńsù síwájú rẹ̀. Lọ́tẹ̀ yìí, ó ní kí ó jókòó.

"O ti ṣe tìrẹ, a ó sanwó fún obìnrin yẹn. Wàyí o, ya ètò mìíràn tí yóò yọ àwọn yòókù jáde. Mo mọ̀ pé ó ṣeé ṣe. Tí o bá yà á, lẹ́tà ìgbéga rẹ ṣì wà níhìn-ín."

Ó ṣeé ṣe lóòótọ́. Ohun tó dun Agatha jù ni pé orí rẹ̀ ti bẹ̀rẹ̀ sí í yà á kí ó tó dá a dúró: fi ọjọ́ orí tó wà níbi owó oṣù wé èyí tí ilé ìtọ́jú inú ọgbà ní, fi gíga wé gíga, àwọn tí kò bára mu á yọ jáde. Àpótí mẹ́ta péré, ìlà rẹ̀ á sì lọ tààrà. Ọdún mẹ́wàá iṣẹ́ rẹ̀ ló ń yà á, kì í ṣe òun.

Ó gbé pẹ́ńsù náà lé orí bébà.

"Mo lè ṣe é, sà. Mi ò ní ṣe é."

"Agatha, ronú."

"Ẹnu ẹni la fi ń kọ 'mi ò jẹ,' sà. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ wá ẹlòmíì."

Wọ́n wá ẹlòmíì. Ọ̀dọ́mọkùnrin kan ń bọ̀ láti Èkó lóṣù tó ń bọ̀, wọ́n ní orí rẹ̀ pé. Wọ́n san ìdajì owó náà fún Matilda, ó sì gbé ọmọ rẹ̀ lọ sílé. Olúdayọ̀ ti padà sí Kàbà láìsí iṣẹ́. Yísà kò kí Agatha mọ́; tó bá rí i lọ́ọ̀ọ́kán, ọ̀nà mìíràn ló ń gbà, bóyá ìbẹ̀rù ni, bóyá ìtìjú. Bíọ́dún ń bá a sọ̀rọ̀, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ omi àti ọ̀rọ̀ epo nìkan.

Gbádégẹṣin kò lé e lọ. Ó kàn dá a padà sí yàrá káàdì.

Àwọn ọmọbìnrin dìde nígbà tó wọlé, wọ́n kúnlẹ̀ kí i, ojú ń tì wọ́n fún un. Ó jókòó sídìí ẹ̀rọ tó wà létí fèrèsé. Ọ̀kan nínú wọn kó iṣẹ́ òwúrọ̀ síwájú rẹ̀.

"Àǹtí, ṣé ẹ ṣì rántí bí wọ́n ṣe ń lù ú?"

"Ọwọ́ kì í gbàgbé," Agatha wí.

Ó mú ìwé tó wà lókè. Orúkọ àwọn tó fi ilé iṣẹ́ sílẹ̀ lóṣù náà ni. Nọ́ḿbà: 2316. Orúkọ: Olúdayọ̀ Ọlánípẹ̀kun. Ìdí tó fi kúrò: ikú.

Ó lu nọ́ḿbà. Ó lu orúkọ ẹni tó wà láàyè ní Kàbà. Ó dá ọwọ́ dúró, ó fi ìka tọ káàdì náà láti etí kan dé èkejì, ó ń wá ibi tí orúkọ Ọlọ́runtọ́ba lè gbà wọlé. Kò sí àyè kankan. Òun fúnra rẹ̀ ló ya káàdì náà.