Àáró Bàbá Ògúnbọ̀dé

Ojú ìwé méjì péré ni olùkọ́ ní kí Wosilat kọ: kí ló rí kọ́ nígbà tó lọ yẹ ilé iṣẹ́ kan wò, tó sì gbà wọ́n nímọ̀ràn bí wọ́n ṣe lè tún ètò wọn ṣe? Láti àárọ̀ ló ti jókòó tì í nílé ìyá rẹ̀ ní Òmù-Àrán, kò sì tíì kọ ju orúkọ ara rẹ̀ lọ. Kí ni kó kọ? Ṣé kó kọ pé òun gba oúnjẹ lẹ́nu arúgbó ni?

Ilé ìtẹ̀wé kan nílùú náà ni wọ́n rán an lọ. Nígbà tí owó epo ń ṣàn, kàlẹ́ńdà àti ìwé ìpè àwọn ọmọ ìlú tó wà l'Ékòó nìkan tó láti má jẹ́ kí ẹ̀rọ ibẹ̀ sinmi. Lọ́dún 1987 yìí, bébà ti di góòlù. Ọ̀gá wọn, Ọ̀gbẹ́ni Ọlágúnjú, ń wá ẹni tí yóò lé, kò kàn tíì rí àwáwí ni. Wosilat kò mọ̀. Ọmọ wa ni àwọn òṣìṣẹ́ ń pè é, wọ́n sì sọ tinú wọn fún un, nítorí ó ṣèlérí pé òun kò ní dárúkọ ẹnikẹ́ni.

Sámúẹ́lì, ọ̀kan nínú wọn, ló sọ ti Bàbá Ògúnbọ̀dé fún un. Ó lé lọ́gbọ̀n ọdún tí bàbá náà ti ń to lẹ́tà onírin tí wọ́n fi ń tẹ̀wé, kí ojú rẹ̀ tó bẹ̀rẹ̀ sí í ṣú. Nígbà tí kò ríran mọ́, àwọn yòókù bá a dá àáró, bí àgbẹ̀ Àrán-Ọ̀rin ṣe ń ṣe é lóko: lónìí Sámúẹ́lì á to tirẹ̀ mọ́ ti Bàbá, lọ́la Àbúdùlàhí. Bàbá náà ń san án padà, ó ń fi ìka wo lẹ́tà, ó ń kọ́ wọn níṣẹ́. Ọdún mẹ́ta gbáko, ọ̀gá kò fura.

Ọ̀rọ̀ yìí wọ Wosilat lára débi pé omi bọ́ lójú rẹ̀. Ó kọ ọ́ sínú ìròyìn tó kọ fún ọ̀gá, ó yìn wọ́n, ó ní irú ìfẹ́ báyìí ló yẹ kó wà níbi iṣẹ́ gbogbo. Kò dárúkọ ẹnikẹ́ni lóòótọ́. Àgbàlagbà kan tí kò ríran mọ́ ló pè é. Ọmọ yìí mọ̀wé, ọgbọ́n ni kò tó. Nínú òṣìṣẹ́ mẹ́sàn-án, ẹni mélòó ni kò ríran? Ẹyin lohùn, ó sì ti bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀.

Lọ́sẹ̀ tó kọjá, Bàbá ránṣẹ́ pè é pé kó wá bá òun ka lẹ́tà kan. Kó tó kà á, Bàbá fi ìka ra òkè bébà náà, ó rẹ́rìn-ín, ó ní òun fúnra òun lòun to orúkọ ilé iṣẹ́ tó wà níbẹ̀ yẹn. Wosilat wá kà á. Wọ́n ti lé Bàbá kúrò lẹ́nu iṣẹ́. Àárín lẹ́tà náà ló ti bá gbólóhùn ara rẹ̀ pàdé, bó ṣe kọ ọ́ gẹ́lẹ́: àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ló ti ń bá a ṣe iṣẹ́ rẹ̀ láti ọdún mẹ́ta.

"Ta ló sọ fún wọn?" ni Bàbá bi í.

"Èmi ni, Bàbá. Mo rò pé mò ń yìn yín ni."

Bàbá kò ṣépè, ì bá tiẹ̀ ṣépè, ì bá sàn fún Wosilat. Ó kàn béèrè bóyá iṣẹ́ ilé ìwé tó wá ṣe lọ́dọ̀ wọn yege. Wosilat ní bẹ́ẹ̀ ni, òun lòun ṣe ipò kìíní.

"Ó dáa," ni Bàbá wí. "Wá fà mí lọ́wọ́, kí n lọ kó ẹrù mi."

Bí wọ́n ti wọ ilé ìtẹ̀wé, àwọn òṣìṣẹ́ pa ẹ̀rọ. Gbogbo wọn dọ̀bálẹ̀ kí Bàbá. Wosilat kúnlẹ̀, ó kí wọn, kò sẹ́ni tó dá a lóhùn. Sámúẹ́lì rọra gba ọwọ́ Bàbá kúrò lọ́wọ́ rẹ̀, ó sì yíjú sí àwọn yòókù.

"Ẹ ṣọ́ ẹnu yín," ló wí, "àlejò wà níbí."