Ẹ̀ka Tí Walenty Gé

Láti ọjọ́ tí Genowefa ti wọlé ọkọ, kì í fọwọ́ kan igi èso Walenty ọkọ rẹ̀, àfi tó bá di ìgbà ìkórè. Igi kúkúrú, ẹlẹ́ka púpọ̀ ni wọ́n, èso wọn dúdú, ó sì kéré bí ìlẹ̀kẹ̀. Bí ewé bá ti rẹ̀ tán tí òtútù ń wọlé bọ̀, Walenty á mú àlùmọ́gàjí, á gé ẹ̀ka dúdú tó ti gbó dànù, á dá ọ̀dọ́ ẹ̀ka sí, torí ara wọn lèso ti máa ń jáde. Òun náà ni gbogbo abúlé ń pè wá gé tiwọn.

Nígbà tí agbára wọn ò ká oko mọ́, Ludwika ọmọ wọn ní kí wọ́n wá máa gbé lọ́dọ̀ òun nílùú. Walenty ní òun ò ní fi igi òun sílẹ̀. Ni wọ́n bá pinnu láti hú díẹ̀ níbẹ̀, kí wọ́n lọ tún wọn gbìn sẹ́yìnkùlé ọmọ wọn.

Láàárọ̀ tí wọ́n fẹ́ hú wọn, Genowefa wọlé lọ po tíì. Nígbà tó máa fi jáde, ọ̀dọ́ ẹ̀ka ti kún ilẹ̀ bẹẹrẹbẹ. Àwọn ògbólógbòó ló dúró gbagidi lórí igi.

Bogumil aládùúgbò wọn fara ti ọgbà, ó ń rẹ́rìn-ín. "Walenty, igi lò ń gé ni, àbí orí lò ń fá? O ti mutí láàárọ̀ yìí!"

Walenty kọjú sí ìyàwó rẹ̀. "Ìyá Ludwika, èwo la máa ń dá sí ná?"

Ẹ̀rín kú mọ́ Bogumil lẹ́nu. Genowefa rántí iyọ̀ tí ọkọ rẹ̀ dà sí tíì lọ́jọ́sí, àti ọ̀nà ṣọ́ọ̀ṣì tó ṣì. Ọjọ́ orí ló pè é nígbà yẹn.

"Ẹ gbé e fún mi, Bàbá Ludwika."

"Mo mọ̀ ọ́n o," ni Walenty ń wí, ó di àlùmọ́gàjí mú pinpin. "Mo mọ̀ ọ́n. Ó kàn bọ́ lọ́kàn mi ni." Omi lé ròrò sójú Genowefa.

Bogumil gba ẹnu ọ̀nà ọgbà wọlé. "Ìyàwó wa, ẹ má sunkún. Igi tá a bá fẹ́ hú lọ gbìn síbòmíì, ṣebí à á gé e kanlẹ̀ náà ni. Ọkọ yín ló kọ́ mi. Gbòǹgbò á tún rú."

Genowefa fọwọ́ ara rẹ̀ gé wọn kanlẹ̀, Walenty ń bá a di ẹ̀ka mú. Bogumil fi ṣọ́bìrì hú wọn tiyẹ̀pẹ̀tiyẹ̀pẹ̀, wọ́n sì fi àpò tútù wé gbòǹgbò wọn.

Àwọn igi náà rú nílùú, àmọ́ wọn ò so lọ́dún àkọ́kọ́. Nígbà tó di ọdún kejì, wọ́n so jìngbìnnì. Genowefa bu díẹ̀ fún ọkọ rẹ̀ lórí àga tó jókòó sí. Ó jẹ ẹ́, ó lá ìka rẹ̀.

"Ẹ ṣeun, Màmá," ló wí, bí ẹni ń kí àlejò. "Ta ló gbìn ín?"

"Ọkọ mi ni."

"Ó mọ iṣẹ́ o."

"Ó mọ̀ ọ́n gan-an," ni Genowefa fèsì. Ó yíjú sẹ́gbẹ̀ẹ́, ó ń ká èso lọ.